Owó Ata àti Òǹkà Wa

  

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò tóbi. Ọ̀rọ̀ owó ata ni. Bí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe bá pé, ní 20 oṣù Kẹjọ, gbogbo wa ni a máa ń wọ aṣọ funfun, tí a sì máa ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, tí a dé ọjà, "fáìfù họ́ńdírẹ́ẹ̀dì" ni a fi ń ná ata. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awo, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ àṣà. Èyí tó ká mi lára jù ni pé àwọn kan náà ló ń sọ fún mi pé ayé ti sú àwọn, pé ojúmọ́ kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bára tan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rìndínlógún tí àwọn olórìṣà inú wa ń dà. Mélòó nínú wa ló ti wádìí ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ? Ẹ̀rin ló dín nínú ogún. Ìṣirò ni orúkọ náà. Nígbà tó bá àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, ó di "diloggún" lẹ́nu wọn. Ẹ̀rin tó wà níwájú ti bọ́ sọ́nù, "dín ní ogún" ló kù, ṣùgbọ́n owó ẹyọ tí wọ́n ń kà ṣì pé mẹ́rìndínlógún. Nínú gbogbo ohun tí mo bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, díẹ̀ ló dùn mọ́ mi tó èyí.

Ẹ tún wo 45. Àrún ló dín nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó bá pe márùndínláàádọ́ta ti sọ ogún di ìlọ́po mẹ́ta, ó ti yọ ẹ̀wá, ó ti yọ àrún, kó tó mí. Ní 1887, Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ ará Jámánì kan tó gbé láàárín wa, kọ̀wé lórí òǹkà yìí. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń da owó ẹyọ sílẹ̀, tí wọ́n á máa fa márùn-ún márùn-ún lọ́nà ogún títí á fi di ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì á sì di igba. Ọwọ́ tó ń fa owó nílẹ̀ ló kọ́ ẹnu. Àlejò ni Mann, ṣùgbọ́n ó bèèrè ìdí.

Àwọn kan ní òǹkà wa le jù, pé kí a tún un ṣe fún ọmọ iléèwé. N kò bá wọn jiyàn lórí ti ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n líle yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó kù sílẹ̀ nínú ọjà. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Síbẹ̀ àgbà á jókòó tì í títí oòrùn á fi rọ̀, kò ní rántí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta bá ń bá òpè ta á, kò ní pẹ́ sú àwọn méjèèjì. Ẹni tó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ ni ìpèníjà rẹ̀ ń dùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kọ́ ọmọ awo: ojú odù mẹ́rìndínlógún ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kó tó wọ inú òjìlénígba tó kù. Ọmọ kan tó ń kọ́fá lọ́dọ̀ mi bi mí pé báwo ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe ń sọ gbogbo odù nígbà tó jẹ́ pé ojú mẹ́jọ péré ló ní. Mo ní kó lọ ṣírò ó. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ojú kan lè ṣí, ó lè dé: ọ̀nà méjì nìyẹn. Ojú méjì di mẹ́rin, ojú mẹ́ta di mẹ́jọ. Nígbà tó dórí ojú kẹjọ, tí 256 yọ sí i, ó sáré wá bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọṣọ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, àní lọ́jọ́ ọdún.

Lójú tèmi, ẹni tó ń fi òǹkà Yorùbá ra ata lójoojúmọ́ ń ṣe fún ìṣẹ̀ṣe ju ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ. Ata tí ìyàwó mi rà lánàá, 1,750 náírà ni. Èdè Òyìnbó ni ìyá aláta fi pe owó rẹ̀. Ìyàwó mi tún un pè ní Yorùbá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì fi ata mẹ́ta ṣe ènì.

Kí ẹ tó dìde lọ jẹun, ẹ pe iye náà fún ẹni tó jókòó tì yín. Láti ẹgbẹ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.