Ta Ló Ń Ka Àwọn Tí Jẹjẹrẹ Ń Pa?



Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó fìdí kalẹ̀ sí Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fojú bù ú pé ní 2022, èèyàn 127,763 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ó sì pa 79,542. Ti ọyàn ló ṣáájú. Ti próstéètì àti ti ẹnu ilé ọmọ tẹ̀lé e. Ẹ má rò pé wọ́n ka orí kọ̀ọ̀kan o. Ìṣirò ni. Ìwé rẹ́jísítà díẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú sí, ni wọ́n yẹ̀ wò, irú èyí tí Ìbàdàn ti ń kọ ní ọsibítù UCH láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n wá fi wọn gbogbo orílẹ̀-èdè tí àwa fúnra wa kò tíì ka èèyàn inú rẹ̀ láti 2006.

Báwo ni kíkà gidi ṣe ń rí? Akọ̀wé rẹ́jísítà á lọ sí yàrá àyẹ̀wò, sí wọ́ọ̀dù, sí ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú. Ìyá kan ní Ọ̀rílé-Agége lè gba káàdì ní ọsibítù àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ọsibítù ńlá LASUTH ní Ìkẹjà, kó tún dé ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà. Káàdì mẹ́ta, èèyàn kan. Bí akọ̀wé kò bá fara balẹ̀, yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ẹni tí a kò kà rárá: ẹni tí kò rówó àyẹ̀wò, tó ń mu àgbo títí ara fi kọ̀, tí wọ́n gbé lọ sí Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀ṣun, tó kú sílé baba rẹ̀, tí wọ́n sì sin láìsí ìwé ikú. Agége kò kọ ọ́, ìlú rẹ̀ kò kọ ọ́.

Ní agbègbè tiwa, ní Ọba Akran, Ògbà àti Agége, ìbéèrè mìíràn tún wà: iṣẹ́ wo ni aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe rí? Àjọ Lyon yẹn ti fi iṣẹ́ ṣíṣe rọ́bà, iṣẹ́ kíkun ọ̀dà àti asbestos sí ìsọ̀rí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ìkẹjà ti ṣe táyà rí. Ilé iṣẹ́ Dunlop dá a dúró ní 2008, àwọn òṣìṣẹ́ sì fọ́n ká. Mi ò sọ pé ilé iṣẹ́ kankan pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tí iṣẹ́ fà lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú. Bó bá jẹ́ “òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì” nìkan ló wà nínú fáìlì, ta ni yóò lè wádìí rẹ̀?

Iye òkú nìkan kò sì tó. Bí a bá fi 80 ọdún ṣe òṣùwọ̀n, ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próstéètì pa ní 75 pàdánù ọdún 5. Obìnrin tí ti ẹnu ilé ọmọ pa ní 45 pàdánù 35, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè má tíì jáde ilé ìwé. A ó tún fi ọdún tí aláìsàn lò nínú ìnira kún un, kí a tó mọ ẹrù tí àìsàn náà gbé lé wa lórí.

Ní oṣù Kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ó lè di ìgbà tí àwọn ọmọ yẹn bá dàgbà tán kí èrè rẹ̀ tó hàn kedere. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nígbà náà bóyá jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti dín kù ní Agége, iye tó jẹ́ lónìí ni yóò kọ́kọ́ wá. Nítorí náà, ẹ̀yin dókítà ilé iṣẹ́ àti akọ̀wé ọsibítù, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí aláìsàn ń gbé gan-an, ẹ kọ iṣẹ́ tó ṣe àti iye ọdún tó fi ṣe é, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí rẹ́jísítà.