Jíà Ọ̀kadà Rẹ Kò Wọlé? Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Ẹ́ńjìnnì

Bó o bá wà nínú mọ́tò, bó o bá ń fọ aṣọ, bó o bá ń dúró de oníbàárà tó ti ń sọ pé "mo ti ń bọ̀ níta" láti ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, mo kí ẹ. Ọ̀rọ̀ tòní, ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun ọ̀kadà ni, pàápàá ẹ̀yin dispatch. Ṣùgbọ́n bó ò bá gùn ún rí, má tíì pa á o. Ó lè jẹ́ àbúrò rẹ ló ń gùn ún, ó sì lè jẹ́ owó rẹ ni wọ́n máa fi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ jíà ni. Jíà tí kò wọlé, jíà tó ń fò jáde, jíà tí kò jẹ́ kó o rí fíríì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbé e wá. Àbúrò mi kan gba ọ̀kadà dispatch n'Íbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí jíà fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bó bá dúró nínú gósílóò, kì í rí fíríì. Bó bá di klọ́ọ̀ṣì mú pinpin, ọ̀kadà á ṣì máa fà síwájú bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Jíà kìíní á dún gbàù kó tó wọlé.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn tẹ jíà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Jíábọ́ọ̀sì ti lọ. A máa tú ẹ́ńjìnnì." Àbúrò mi yá owó, wọ́n tú u. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀sẹ̀ ò dúró dè é. Wọ́n tò ó padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, nǹkan kan náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró lẹ́yìn tírélà ní Mọ́kọ́lá, ó di klọ́ọ̀ṣì mú, ọ̀kadà ṣàdédé fò síwájú. Bírékì ló fi gbà á. Nígbà tó pè mí nírọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Sáńgò. Bàbá ò mú sípánà kankan. Ìbéèrè ló ń bi í. "Ọmọ mi, ìgbà wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé bó bá tutù ni àbí bó bá gbóná? Ṣé gbogbo jíà ni àbí ẹyọ kan? Bí ọ̀kadà bá wà lórí ìrìn ńkọ́?" Àbúrò mi ní, "Bàbá, gbogbo jíà ni, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró ló máa ń le jù."

Bàbá ní ká gbé e sórí double stand, ká pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n máa fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, òun wá ń tẹ jíà. Kìíní wọlé. Ìkejì wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ó tún dá a padà sí fíríì. Kò sí ariwo, kò sí ìjàkadì. Ó wò wá, ó ní, "Jíà rẹ ò ní nǹkan kan. Klọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kó wọlé." Ó yọ wáyà klọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ibi tí a máa ń fọwọ́ fà. Ó ju ìlàjì fọ́nrán rẹ̀ tó ti já. Wáyà tuntun, kó dè é, kó tún un sé, kò gba ogún ìṣẹ́jú. Owó wáyà náà ò tó ìdá kan nínú ogún owó tí wọ́n fi tú ẹ́ńjìnnì.

Ó dáa. Kí ló dé tí wáyà klọ́ọ̀ṣì fi lè jọ jíà tó bàjẹ́?

Ronú pé èèyàn méjì di okùn kan mú, wọ́n ń fà á, kókó kan sì wà láàárín. O ò lè tú kókó yẹn àfi bí wọ́n bá dẹ okùn. Ẹ́ńjìnnì ń fà níhìn-ín, táyà ẹ̀yìn ń fà lọ́hùn-ún, jíà wà láàárín. Iṣẹ́ klọ́ọ̀ṣì ni láti dẹ okùn náà, kí eyín jíà kan lè kúrò lára èkejì. Bí wáyà bá ti dẹ̀ jù, o lè fà á tán kí klọ́ọ̀ṣì má tíì tú dáadáa. Eyín jíà ṣì fún mọ́ra. O máa tẹ jíà títí, á le, á dún, o máa rò pé jíà ló bàjẹ́.

Nítorí náà, láti ìta ni ká ti máa bẹ̀rẹ̀, ká tó wọ inú. Ẹ jẹ́ ká tò ó.

Àkọ́kọ́ ni ìdánwò bàbá yẹn. Pa ẹ́ńjìnnì, gbé e dúró kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, yí táyà, máa tẹ jíà. Má gbàgbé pé o gbọ́dọ̀ yí táyà o. Bí táyà bá dúró, eyín lè kan eyín, jíà ò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ kò ní àìsàn kankan. Kí ìka rẹ sì jìnnà sí ṣéènì. Bí gbogbo jíà bá wọlé wẹ́rẹ́, klọ́ọ̀ṣì tàbí ọ́ìlì ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Èkejì, wo irin tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ jíà. Ṣé bọ́ọ̀tì rẹ̀ le? Fi ọwọ́ mì ín. Bí eyín inú rẹ̀ bá ti jẹ, á máa yí lórí ọ̀pá rẹ̀, ìtẹ̀ rẹ ò ní dé inú. Ṣé ọ̀kadà ti ṣubú rí? Irin náà lè ti tẹ̀ tó fi ń kan ara ẹ́ńjìnnì, kò sì ní lè lọ dé òpin.

Ẹ̀kẹta, wáyà klọ́ọ̀ṣì. Fi ìka kan fà á. Ó yẹ kó dẹ̀ díẹ̀ kó tó le. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ìdẹ̀ yẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 10 sí 20 bó o bá wọ̀n ọ́n ní orí irin tí ọwọ́ ń fà. Ti ọ̀kadà rẹ wà nínú ìwé rẹ̀. Bó bá dẹ̀ jù, jíà á le, fíríì á sì ṣòro láti rí. Bí kò bá dẹ̀ rárá, òdìkejì rẹ̀ lo máa rí: ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọ̀kadà ò ní sáré, pàápàá lórí òkè. Klọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nìyẹn, pléètì rẹ̀ á sì jóná kíákíá. Yí ọwọ́ ọ̀kadà sí ọ̀tún, yí i sí òsì. Bí ìdẹ̀ náà bá ń yí padà, wáyà ò gba ibi tó yẹ kó gbà kọjá.

Ẹ̀kẹrin, ọ́ìlì. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, klọ́ọ̀ṣì àti jíà jọ ń mu. Pléètì klọ́ọ̀ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì mọ́tò kì í fi í bá a lára mu nígbà gbogbo. Wo ẹ̀yìn ike kó o tó sanwó: JASO MA tàbí MA2 lo fẹ́. MB, ti scooter tí klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò sí nínú ọ́ìlì ni. Bó o bá rí "Energy Conserving", gbé e padà, á jẹ́ kí klọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Bí jíà bá sì dára láàárọ̀ tó le bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tó o pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún, bí o bá tẹ jíà tí irin náà ò fò padà sáyè rẹ̀, tó kàn ń rọ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀, ó lè jẹ́ sípíríǹgì tó ń dá a padà ló já. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ìdérí ẹ̀gbẹ́ klọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n máa ṣí kí wọ́n tó rí i, wọn ò ní la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa wò ó bóyá pléètì klọ́ọ̀ṣì ti tẹ̀, tàbí bóyá ó ti jẹ ihò sára agbada tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ìgbà wo wá ni títú ẹ́ńjìnnì tọ́? Bí jíà kan náà bá ń fò jáde fúnra rẹ̀ nígbà tó o bá fún un níná. Kò dédé ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jíà yẹn náà ni ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ pé eyín rẹ̀ ti ya, tàbí pé fọ́ọ̀kì tó ń tì í ti tẹ̀. Bó o bá tún da ọ́ìlì tó o rí ègé irin tí ọwọ́ lè mú, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú lásán, ọ̀rọ̀ ti dé inú. Má gùn ún mọ́. Jíà tó bá fò jáde níwájú tírélà ò ní dúró gbọ́ àlàyé.

Ìwà wa náà ń dá kún un. Àwọn kan ń gbé ẹsẹ̀ lé irin jíà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn kan ń yí jíà láì dẹ iná. Àwọn kan di klọ́ọ̀ṣì mú ní ìlàjì láti ìbẹ̀rẹ̀ gósílóò dé òpin rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, owó ni.

Ìmọ̀ràn mi kẹ́yìn rèé. Bí mẹkáníìkì bá ní "ẹ jẹ́ ká tú u", fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ní ká tú u? Ṣé ẹ ti wo wáyà àti ọ́ìlì?" Ẹni tó mọṣẹ́ á fi hàn ẹ́. Ẹni tó bá bínú, gbé ọ̀kadà rẹ, kó o máa lọ.

Àbúrò mi ṣì ń san owó tó yá. Ṣùgbọ́n ó ní wáyà klọ́ọ̀ṣì kan lábẹ́ àga ọ̀kadà báyìí, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ló sì máa ń fi ìka kan fà á wò kó tó jáde. Lọ wo tìrẹ náà lónìí. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Bẹ́ ẹ bá mọ dispatch kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ó dìgbà kan ná. Ọ̀nà á là o.