Ẹ̀rín tí ń kọ́ ọmọ ogun



Láti 1943 dé 1945, Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kúkúrú apanilẹ́rìn-ín fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé dáadáa. Snafu ni òmùgọ̀ ọmọ ogun inú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ẹ̀fọn ibà ń dọdẹ rẹ̀. Kò ṣọ́ra, ẹ̀fọn mú un. Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ́gbọ́n.

Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí olówó fíìmù bá fẹ́ nìkan ni fíìmù ń sọ.

Nínú ogun kan náà, Faransé kó àwọn bàbá wa lọ láti Dahomey. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka ìwé tí a kọ orúkọ wọn sí.

Ẹ wo fíìmù, ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀kọ́ ìwé sílẹ̀.