Lẹ́tà Olùkọ́ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn tẹ́ ẹ tẹjú mọ́ fóònù, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni mo ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí. Lọ́dún kan, nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ, ọmọ wa kan wọlé tọ̀ mí wá. Ó fẹ́ kí n kọ lẹ́tà tí yóò fi wá ààyè PhD, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. A ló gbà nínú kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ 120 ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá lòun máa ń jókòó, kò sì bi mí ní ìbéèrè kan rí. Kí ni kí n wá kọ? Pé ó gba A? Ìyẹn ti wà nínú èsì rẹ̀.

Mo ní kí ló dé tí kò yà sí ọ́fíìsì mi rí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni." Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, ẹ̀yin òbí! Àwa la kọ́ wọn pé ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà. Ó dáa nílé. Àmọ́ níbí, wákàtí tí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí o kò bá lọ, wọn á rò pé iṣẹ́ náà kò jẹ ọ́ lógún. Ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ nílé, kó sì jiyàn ní kíláàsì.

Lẹ́tà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ iléèwé ń béèrè. Ẹni tí yóò kọ èyí tó ní láárí gbọ́dọ̀ ti rí ọ níbi tí iṣẹ́ láàbù ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ tí o sì tún un ṣe. Ibo lo ti máa rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí sáyẹ́ǹsì, ń náwó lé ètò REU, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìwádìí nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń sanwó fún un. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti oní green card ni ètò yìí wà fún. Ètò McNair náà wà, tó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún PhD, tí wọ́n fi orúkọ Ronald McNair tó kú nínú ọkọ̀ òfuurufú Challenger lọ́dún 1986 pè. Ìwọ tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Òfin gbà ọ́ láyè iṣẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí iléèwé bá ń lọ. Kí ló dé tó jẹ́ ilé oúnjẹ nìkan lò ń wáṣẹ́ lọ? Kan ilẹ̀kùn láàbù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yéé fi owó ìfẹ̀yìntì yín san owó Masters nítorí pé Masters ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó ṣe PhD ní Ìbàdàn nígbà tiyín. Níbí, ọmọ lè ti dìgírí àkọ́kọ́ bọ́ sí PhD tààrà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló sì ń san owó iléèwé rẹ̀, tí wọ́n tún ń fún un lówó tí yóò fi jẹun.

Mo kọ lẹ́tà ọmọ yẹn, ìlà mẹ́fà. Kò rí ààyè. Ó padà wá bá mi ṣiṣẹ́ ọdún kan. Lẹ́tà kejì tí mo kọ fún un, ojú ìwé méjì gbáko ni.

Àwa olùkọ́ tó wà ní gbọ̀ngàn yìí yóò jókòó sídìí tábìlì apá òsì lẹ́yìn oúnjẹ. Ìwọ tó wà ní ọdún kìíní, tí o kò tíì mọ ohun tí o fẹ́ ṣe, ìwọ ni ká kọ́kọ́ rí.