Bí A Ti Ń Yẹ Ọmọ Wò fún Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Bá Ẹgbẹ́ Sọ ní Minna

   

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí á wá sọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí ìpàdé tí òbí kan kì í béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wa: “Akọ̀wé, wọ́n ní ọmọ mi ga, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó lọ sí káńpù bọ́ọ̀lù ní ìsinmi gígùn. Kí ni kí n ṣe?” Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́tì, tí a ń fi ọwọ́ lù mọ́lẹ̀, tí a sì ń jù sínú àwọ̀n tí a so mọ́ irin róbótó tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith ni ó dá eré náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1891. Apẹ̀rẹ̀ èso ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ojú ilé, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́. Àwọn àgbà mọ̀ pé ní ọdún tí ó kọjá, ọkùnrin kan wá bá wa. Ó wọ aṣọ eléré, ó gbé fèrè kọ́rùn, ó ní òun ń ṣa ọmọ fún káńpù kan ní òkè òkun. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò ju ìwé kan lọ, kí á fi jẹ́rìí pé ọmọ dáadáa ni ọmọ opó kan tí ó wà nínú wa. A kọ ìwé náà. A fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lù ú. A kò béèrè orúkọ káńpù, a kò béèrè ẹni tí ó rán an wá. Nígbà tí ìyá ọmọ rí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, ó kó owó náà fún ọkùnrin yìí. Láti ọjọ́ náà, a kò rí ọkùnrin náà mọ́, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ìyá yìí kò bú wa. Ìyẹn gan-an ni ó dùn wá jù. A ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí á tó sọ ọ́ níhìn-ín. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ òní sí ẹ̀kọ́ tí ọlọ́gbọ́n ń kọ́ òmùgọ̀. Gbèsè tí a jẹ ni à ń san.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, a wádìí. A bi àwọn kóòṣì léèrè, a bi àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì, a sì ka èyí tí a rí kà. Ohun tí a rí nìyí.

Káńpù tòótọ́ wà. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ńlá ti Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní NBA, ti ń ṣe káńpù fún àwọn ọmọ Áfíríkà láti 2003, Johannesburg ni wọ́n ti ṣe èkíní. Ní 2003 kan náà ni Masai Ujiri dá Giants of Africa sílẹ̀. Zaria ni a ti tọ́ Ujiri dàgbà, ní Òkè Ọya níhìn-ín. Ó gbá bọ́ọ̀lù, kò di gbajúmọ̀ eléré, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá eléré fún àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, láìgba owó oṣù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tí ó fi ń mọ ọmọ ni ó gbé e ga. Ó di ọ̀gá ẹgbẹ́ Toronto ní Kánádà ní 2013, ẹgbẹ́ náà sì gba ife NBA ní 2019. Àwọn káńpù bẹ́ẹ̀, pípè ni wọ́n ń pe ọmọ. Wọn kì í ní kí ìyá ọmọ lọ ta ẹ̀rọ rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ ọmọ wò níbẹ̀? Èmi àti ẹ̀yin tí a ń ta iṣu mọ̀ pé ojú nìkan kò tó. Iṣu mìíràn tóbi, ó dán, bí a bá gbé e lé iná, omi ni. Nítorí náà, a máa ń gbé e lọ́wọ́ wò, a ó tẹ orí rẹ̀, a ó tẹ ìdí rẹ̀, a ó sì béèrè oko tí ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe.

Èkíní, wọ́n ń wọn ọmọ. Wọ́n ní kí ó bọ́ bàtà, wọ́n wọn gíga rẹ̀. Wọ́n ní kí ó na apá méjèèjì, wọ́n wọ̀n ọ́n láti orí ìka kan dé orí ìka kejì. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìnà apá àti gíga fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tí ìnà apá rẹ̀ bá ju gíga rẹ̀ lọ dáadáa, yóò tọ́ bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè tọ́. Wọ́n á tún ní kí ó fò, kí wọ́n rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn.

Èkejì, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ǹjẹ́ ó lè yí padà kíákíá? Ǹjẹ́ bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ gíga ni ẹsẹ̀ wọn wúwo bí ẹsẹ̀ ọlọ́dẹ tí oorun ń kùn.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á pín wọn sí ọ̀nà méjì, márùn-ún síhìn-ín, márùn-ún sọ́hùn-ún, kí wọ́n gbá a. Ibí ni òbí ti ń ṣi ìwòye. Gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ kí a rí òun, nítorí náà wọ́n á máa di bọ́ọ̀lù mú, wọ́n á máa jù ú láti ibi gbogbo. Òbí á máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó jù ú wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣa ọmọ ń wo ibòmíràn. Ó ń wo ẹni tí ó sáré padà láti dábòbò ilé nígbà tí bọ́ọ̀lù ti bọ́. Ó ń wo ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì rẹ̀ tí ó wà níbi tí ó sàn jù. Kóòṣì bá ọmọ wí. Ǹjẹ́ ó ṣe é dáadáa ní ẹ̀ẹ̀kejì, àbí ó fa ojú ro? Wọ́n yọ ọ́ jókòó. Ǹjẹ́ ó ń wo eré, ó ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àbí ó da tówẹ́ẹ̀lì bo orí?

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ń béèrè ìwé. Yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà kì í gba eléré lásán. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 16 ni wọ́n là sílẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó lè bá wọn díje ní ìpele òkè. Ọmọ tí ó bá fi káàdì ìdánwò rẹ̀ ṣeré nítorí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà ni ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí á má tan ara wa, àwọn kan ń gé ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ ogún ọdún tí ń bá ọmọ ọdún 16 díje, ọdún ni ó fi ń borí, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ìtìjú rẹ̀ á kan gbogbo ọmọ tí ó ti ìlú kan náà wá.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Hakeem Ọlájùwọ́n. Ọmọ Èkó ni, a bí i ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ sì ń ta sìmẹ́ǹtì, oníṣòwò bíi tiwa. Ní kékeré, gólì ni ó máa ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Sókótó, ní Òkè Ọya wa yìí, ni ó ti bá wọn gbá a nígbà ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá sì ni ó tìtorí rẹ̀ lọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Pond, rí i, ó sọ ọ́ fún Guy Lewis, kóòṣì Yunifásítì Houston. Ó dé ibẹ̀ ní 1980. Ní 1984, òun ni àwọn ẹgbẹ́ NBA kọ́kọ́ mú. Ó gba ife ní 1994 àti 1995, ó sì dá bọ́ọ̀lù alátakò dúró ní ìgbà 3,830, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe tó. Ẹsẹ̀ tí ó fi ń ṣọ́ gólì ni ó fi ń rẹ́ àwọn òmìrán jẹ. Ta ni ó mọ̀ pé gólì ni ó ń kọ́ ọ?

Ẹ gbọ́ ti Joel Embiid, ọmọ Kamẹrúùnù. Oṣù díẹ̀ péré ni ó ti ń gbá a nígbà tí ó lọ sí káńpù Luc Mbah a Moute ní Yaoundé ní 2011. Ní 2023, òun ni wọ́n kéde pé ó dára jù nínú gbogbo NBA. Pascal Siakam náà ti orílẹ̀-èdè yẹn wá, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà ni ó wà. Ẹni 26 ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀ ní 2016, ó sì wà nínú àwọn tí ó gba ife fún Toronto ní 2019.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti Giannis. Àwọn Gíríìkì ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Antetokounmpo, ṣùgbọ́n Adétòkunbọ̀ ni, Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Ní Athens ni a ti bí i ní 1994. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kiri aago àti awò ojú ní ìgboro kí ilé lè rí jẹ. Ní 2013, ẹgbẹ́ 14 wò ó, wọ́n sì mú ẹlòmíràn. Milwaukee ni ó mú un. Ó jẹ́ ẹni tí ó dára jù ní 2019 àti 2020, ó sì gba ife fún wọn ní 2021. Bí ẹgbẹ́ 14 tí ó ní owó àti òṣùwọ̀n bá lè ṣì í mọ̀, kí ni kí á sọ nípa ọkùnrin kan tí ó wo ọmọ fún wákàtí kan tí ó ní ó ti di ọlọ́rọ̀?

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Ní Paris ní 2024, àwọn obìnrin Nàìjíríà, D'Tigress, borí Ọsirélíà àti Kánádà, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó wọ ìpele ẹni mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Òlíńpíìkì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí ọmọbìnrin yín bá ga, ẹ má ṣe ní kí ó tẹ̀ ba.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ gbé nǹkan mẹ́rin síwájú ilé. Èkíní, ẹgbẹ́ kò ní fi òǹtẹ̀ lu ìwé ọmọ kankan mọ́, àfi bí a bá mọ orúkọ káńpù náà, ibi tí ó wà, ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó ni ín, tí a sì ti fi ìwé béèrè lọ́wọ́ àjọ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Èkejì, ọjọ́ ìbí tòótọ́ ni a ó kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pa ọmọ náà lára. Ẹ̀kẹta, òbí tàbí ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ bá ọmọ lọ, kí ìwé ìrìnnà ọmọ má sì kúrò lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀kẹrin, ọmọ tí kò bá ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́, kí ó kọ́kọ́ padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ẹnìkan á béèrè pé, ọmọ opó yẹn ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn yẹn, òun ni ó to àga tí a jókòó lé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó máa ń wà ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bosso, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní bí a ti ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. A kò mọ̀ bóyá yóò di Ọlájùwọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n kẹta tí a sọ wò ó, ẹ ó rí ohun tí ọkùnrin onífèrè yẹn kò dúró wò.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá káńpù fún ọmọ kankan, ẹ jẹ́ kí á ra ẹ̀rọ ìlọta padà fún ìyá rẹ̀. Àwa tí a lu òǹtẹ̀ ti fi owó tiwa lélẹ̀ ṣáájú, ó wà lọ́wọ́ akápò. A kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní díẹ̀, kí ó mú díẹ̀ wá.

 Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.