Ilé Àwọn Ajá Tó Sọnù

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. N kò wá bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí, kì í ṣe ajá. Bí ó bá jẹ́ ti ajá gan-an ni, ọ̀pọ̀ ajá tó ń sọnù ni etí wọn ṣí dáadáa. Báńgà ni ó dún ní òru ọdún tuntun, tí ó fo ògiri, tí ó sì sá títí ó fi dé àdúgbò tí kò mọ̀. Tàbí kẹ̀, olówó rẹ̀ ni ó kó kúrò nílé tí kò mú un dání. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní ni bí àwọn ìlú kan ti ń ṣe ìtọ́jú irú ajá bẹ́ẹ̀, nítorí pé níbi tí ìlú bá ti ní ilé fún un, kì í ṣe ajá nìkan ni ilé náà ń gbà là.

Ní abúlé, ọ̀rọ̀ ẹran tó sọnù kò le. Bí ó bá jẹ́ adìyẹ, a ti so àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́, a ti gé etí rẹ̀ sámì. Ẹni tí ó bá rí i yóò wò ó, yóò ní, "Ti ìyá Àdùkẹ́ nìyí," yóò sì lé e padà sílé. Bí ó bá jẹ́ pé inú oko olóko ni ó ti ń jẹ, ẹni tó ni oko yóò so ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ni ewúrẹ́ yóò wá a dé ibẹ̀, yóò bẹ̀bẹ̀, yóò sì san owó ohun tí ẹran rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ kíyè sí i: àmì wà lára ẹran, ibi tí a lè so ó mọ́ wà, ẹni tó ni ín sì mọ ibi tí yóò ti béèrè. Ilé tí mo ń wí yìí, bí ẹ bá tú u palẹ̀, kò ju nǹkan wọ̀nyí lọ. Ìlú ńlá ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, nítorí pé ní ìlú ńlá, ta ni ó mọ ajá ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù wà. Ní ọdún 1860, obìnrin kan tí a ń pè ní Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní àdúgbò Holloway, ní àgbàlá tí wọ́n ti ń so ẹṣin mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé ìgbà díẹ̀ ni, fún àwọn ajá tó sọnù àti àwọn tí ebi ń pa. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ìròyìn The Times pàápàá kọ ọ́ pé bóyá orí àwọn tó dá a sílẹ̀ kò pé mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn o. Bí ẹnìkan bá dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Mushin tàbí ní Ìbàdàn lọ́la, ohun tí àwa náà yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Ọmọ ènìyàn kò tíì rí ibi sùn, o wá ń kọ́lé fún ajá!" Ìbéèrè gidi ni, a ó sì padà sí i.

Charles Dickens, òǹkọ̀wé ńlá nì, kọ̀wé yin ilé náà ní ọdún 1862, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Mary Tealby kú ní ọdún 1865. Kò rí i kí ilé náà tó kó lọ sí Battersea ní ọdún 1871, níbi tí ó wà títí di òní olónìí. Láti ọdún 1883 ni wọ́n ti ń gba ológbò pẹ̀lú. Ọbabìnrin Victoria di alátìlẹ́yìn wọn ní ọdún 1885. Ní ọdún 1914, ajá tó tó 100, tí Ernest Shackleton fẹ́ lò ní ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, ni wọ́n fi sí ẹ̀ka ilé náà ní Hackbridge kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí a bá ka gbogbo ajá àti ológbò tó ti gba ọwọ́ wọn kọjá láti 1860, ó lé ní mílíọ̀nù 3.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ajá kan wọlé. Òjò ti pa á, ó ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé jáde kì í ṣe oúnjẹ, ìwé ni. Wọn yóò kọ ọjọ́ sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti rí i, àwọ̀ rẹ̀, akọ tàbí abo, àpá tó wà lójú rẹ̀, bí ìrù rẹ̀ bá gé. Ẹ̀yin ọmọ tí inú yín kì í dùn nígbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, irú ìwé yẹn gan-an ni ó ń dá ajá padà sílé.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò mú ẹ̀rọ kékeré kan, wọn yóò gbé e kọjá lórí ẹ̀yìn ọrùn ajá náà. Ní ayé ìsinsìnyí, a máa ń fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan kan, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, bọ abẹ́ awọ ajá. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Nọ́ńbà 15 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti kà á, a ó wo ibi tí a kọ nọ́ńbà náà sí, a ó sì rí orúkọ ẹni tó ni ajá àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ajá bá kó lọ sí ilé mìíràn tí kò sì sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ìwé, òtúbáńtẹ́ ni nọ́ńbà náà. Àkísà ẹsẹ̀ adìyẹ náà kọ́ nìyẹn? Ayé ni ó yí i padà.

Òfin ibẹ̀ ní kí a fi ọjọ́ 7 sílẹ̀ fún ẹni tó ni ajá kí ó wá a wá. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ajá tó ń rìn kiri wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di ọdún 2008, àwọn ọlọ́pàá náà máa ń gbà wọ́n. Kí ọjọ́ 7 náà tó pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ajá náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá sì wá mú tirẹ̀ yóò san pọ́n-ùn 25 tí òfin là sílẹ̀, pẹ̀lú owó ibùsùn àti oúnjẹ. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ oko ń san, kí ni ó dé tí ti ajá yóò fi jẹ́ ọ̀fẹ́?

Ní gbogbo àkókò yìí, àlejò kì í bá onílé gbé. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi ajá tuntun sí, títí dókítà ẹranko yóò fi wo eyín rẹ̀, etí rẹ̀ àti awọ rẹ̀, tí yóò sì fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Yàrá àwọn tí ara wọn le ni a ń kọ́kọ́ fọ̀ láràárọ̀. Ti aláìsàn ni a ń fọ̀ kẹ́yìn, kí búrọ́ọ̀ṣì má baà gbé àrùn kiri. Ilé ajá tí ó bá kún àkúnya, tí a kò sì ya aláìsàn sọ́tọ̀, yóò pa ju àwọn tí yóò gbà là lọ. Àánú nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n tún ń wo ìwà: ṣé ó ń kùn bí ènìyàn bá súnmọ́ abọ́ rẹ̀? Ṣé ọmọdé ń bà á lẹ́rù? Wọn kì í sì í tètè dájọ́, nítorí pé ajá tó wà láàárín ariwo ajá ẹgbẹ̀rún kì í fi ìwà rẹ̀ gan-an hàn ní ọjọ́ kìíní.

Bí kò bá sí ẹni tó wá, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, tàbí bí ó bá jẹ́ abo, wọn yóò ṣe é ní iṣẹ́ abẹ tí kò fi ní lóyún mọ́. Ẹ̀yin olùṣirò, ẹ gbọ́: bí abo ajá kan bá bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ó sì bí 6 nígbà kọ̀ọ̀kan, 12 ni lọ́dún kan, kí a tó ka ti àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá ilé tuntun fún un. Ẹ má rò pé owó nìkan ni a ń mú dání lọ. Wọn yóò bi yín pé, ta ni ó ń wà nílé lọ́sàn-án? Ọmọ yín kékeré tó ọdún mélòó? Ṣé ẹni tó ni ilé tí ẹ ń gbé fara mọ́ ọn? Ẹlòmíràn a máa bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tí a bá fi sí ilé tí kò yẹ ẹ́, ìgboro ni yóò tún padà sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní bò mọ́lẹ̀ fún yín. Òfin ọdún 1867 fún àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní àṣẹ láti mú ajá tó ń dá rìn kiri. Nígbà tí ìbẹ̀rù àrùn dìgbòlugi bá gbòde, ńṣe ni wọ́n ń kó wọn wọlé wìtìwìtì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì pa. Lónìí pàápàá, ajá tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn, tàbí tí ìbínú rẹ̀ ti di ewu, abẹ́rẹ́ ni dókítà ń fi pa á. Àwọn ilé mìíràn lágbàáyé a máa yangàn pé àwọn kì í pa ẹran rárá. Ẹ bi wọ́n léèrè iye àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Bí omi bá ń ya wọ yàrá, ẹni tó ń gbọ́n ọn kọ́ ni ó yẹ kí a bá wí; ẹ lọ wo òrùlé.

Ọrẹ àwọn ènìyàn ni ó ń gbé ilé Battersea ró jù, àti ogún tí àwọn tó kú pín fún un. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń yọ̀ọ̀da ara wọn láti mú ajá rìn, tàbí láti gba èyí tí ó ń ṣàìsàn sílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè wa: kí ni ọmọ ènìyàn rí jẹ níbẹ̀? Èsì rẹ̀ wà nínú àrùn dìgbòlugi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní i rí, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní i. Wọ́n fi òfin dè ajá lẹ́nu, wọ́n kó àwọn tó ń rìn kiri kúrò nígboro, wọ́n sì ń yẹ èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ wò. Àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1902. Ó tún yọjú ní 1918, ó sì tún lọ ní 1922. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ibo ni à bá kó ajá ìgboro lọ bí kò bá sí ilé tí yóò gbà á?

Níhìn-ín, àrùn náà kò tíì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Nínú 100, nǹkan bí 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ajá ni ó sì ń kó o ran ènìyàn ní iye tó tó 99 nínú 100. Bí ó bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnìkan fi ń yè é. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá fún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní lè ràn káàkiri mọ́. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò ṣàjèjì sí wa: ilé ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, láti ọdún 1924, ń ṣe é, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ilé bíi ti Battersea kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, n kò sì ní sọ pé kí a dúró dè é. Ẹgbẹ́ onílé tó lè gba ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lè wá yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tó dára, ìwé kan, àti ẹnìkan tí a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti ń béèrè ajá. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sára okùn ọrùn ajá yín. Ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ má jù ú sẹ́yìn àpótí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ajá tí ẹ kò mọ̀ bá ń bọ̀, ẹ má sáré, ẹ má jù ú lókùúta. Ẹ dúró gbọn-in bí igi, kí ẹ má wò ó lójú. Bí ó bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ata. Kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ náà pé, nítorí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yára lu ajá náà pa bí a ti ń ṣe, nítorí pé bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá títí di ọjọ́ kẹwàá, a ó mọ̀ pé àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó bu ènìyàn jẹ. Ẹ má tìtorí èyí dúró kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́ o. Kí àgbà kan tí ó mọ ajá mú, bí ó bá lè ṣe é láìséwu, tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, kí ó máa fún un ní omi àti oúnjẹ títí ọjọ́ 10 yóò fi pé.