Ìpàdé Abẹ́òkúta: Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Ọpọlọ ní Áfíríkà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

(Ìlù dùndún gòkè, kó tó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn atọ́kùn.)

ATỌ́KÙN: Gbogbo wa la mọ ohun tó bí Festac, àdúgbò wa yìí. Nígbà tí àwọn èèyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ń bọ̀ wá ṣe àjọ̀dún àṣà l'Ékòó lọ́dún 1977, ibí ni ìjọba kọ́ fún wọn láti dé sí. Ọdún 16 ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọ Áfíríkà kan ti kọ́kọ́ péjọ ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ijó àti ìlù ló kó wọn jọ. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ni.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1961 ni. Òun ni ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà. Ẹni tó pè é ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, tó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London kó tó darí wálé.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tó ń dun àwọn dókítà wọ̀nyí. Lọ́dún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí Dókítà J. C. Carothers kọ. Nínú rẹ̀, ó fi ọpọlọ ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ kan iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ìwé tí àjọ àgbáyé fi òǹtẹ̀ lù nìyẹn! Lambo ò bínú lásán, iṣẹ́ ló fi dáhùn.

(Ìlù díẹ̀.)

Kí Lambo tó dé, ẹni tórí rẹ̀ bá dàrú, àtìmọ́lé ló sábà máa ń bá a. Wọ́n ti ṣí ilé àtìmọ́lé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yaba láti 1907. Ní Lantoro l'Ábẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ di ibùgbé àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì dà lórí rú. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta kan náà, láti ọdún 1954, Lambo lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n gba aláìsàn sílé.

Òfin kan péré ló le: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ìyàwó pàápàá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹni yẹn á gba yàrá lọ́dọ̀ onílé, á máa dáná, á máa fọṣọ. Láàárọ̀ á mú un lọ gba oògùn nílé ìwòsàn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á jọ padà sábúlé. Bí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, á bá wọn ṣiṣẹ́ oko, á bá wọn lọ síbi ìnáwó. Ọmọdé abúlé mọ̀ ọ́n lórúkọ. Mo ti ka oríṣiríṣi ìtàn ìṣègùn, kò sí èyí tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé kejì wáyé ní Dakar lọ́dún 1968. Ní ilé ìwòsàn Fann níbẹ̀, Dókítà Henri Collomb náà ń jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn gbé. Láti inú irú ìpàdé báwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Áfíríkà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Nígbà tó sì di 1973, Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ni, àjọ tó tẹ ìwé Carothers.

Àjọ náà ti ṣe ìwádìí lórí àrùn ọpọlọ ní ìlú mẹ́sàn-án lágbàáyé, Ìbàdàn wà nínú wọn, Moscow, London àti Washington pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n padà yẹ àwọn aláìsàn wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ti Ìbàdàn wà lára àwọn tára wọn yá jù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ẹbí ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí.

(Ìlù rọlẹ̀ pátápátá.)

Ohun tó ń dùn mí rèé. Ẹbí tí Lambo gbára lé yẹn, ṣé ó ṣì wà nínú fúláàtì wa? Lónìí, ẹ̀gbọ́n ẹni á máa dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, a ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí aládùúgbò má baà gbọ́. Àwọn mìíràn á mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Òfin pàápàá pẹ́ kó tó yí padà: ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Òfin ayé òyìnbó amúnisìn la ṣì ń lò títí di ìgbà yẹn.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba ò jìnnà sí wa. Bẹ́ ẹ bá ń mú èèyàn yín lọ, kí ẹni tó ń bá a gbé tẹ̀ lé e: bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni dókítà máa béèrè.